Aláàmù ń dún, màmá ń pa á, oògùn ṣì wà níbi tó wà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọMàmá kọ:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò lè dá gbé. Màmá mi ti pé ọdún 68, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń tọ́jú, dókítà fún wọn ní oògùn méjì, amlodipine àti hydrochlorothiazide, èyí tí wọ́n ń pè ní oògùn omi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àárọ̀ ni wọ́n ń lo méjèèjì. Èmi àti wọn ò jọ gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe aláàmù sórí fóònù wọn, aago méje àárọ̀ ojoojúmọ́. Tí mo bá pè wọ́n nírọ̀lẹ́ tí mo ní "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn?" wọ́n á ní "Mo ti lò ó, ọmọ mi," ọkàn mi á balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí wọn, mo sùn mọ́jú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje lù, fóònù dún, wọ́n ń ká aṣọ lọ́wọ́, mo ń wò wọ́n látẹnu ọ̀nà. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n kàn na ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò wọn ti mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó dákẹ́, wọ́n ń ká aṣọ wọn lọ. Wọ́n ká a tán, wọ́n wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n jáde, oògùn ò yẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n lọ tán mo ka oògùn omi yẹn. 30 ni wọ́n gbà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i títí di ọjọ́ tó ṣáájú jẹ́ ọjọ́ 21, ó yẹ kó ku 9. 15 ni mo bá. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé ojú mi ni.

Ọjọ́ mẹ́fà nínú 21 nìyẹn, gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n sì ń sọ fún mi pé àwọn ti lò ó. Mi ò bínú sí wọn, ẹ̀rù ló ń bà mí, torí ẹ̀gbọ́n wọn ní àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́nà yìí náà. Ṣé kí n fi aláàmù kejì kún un ni? Ṣé kí n jẹ́ kó pariwo sí i? Ṣé áàpù kan wà tó dáa? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó ràn mí lọ́wọ́.

TẹkiDé kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á ṣọ́ màmá fún wa. Ti fóònù wọn ò bàjẹ́, ẹ ti sọ pé ó dún, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ eléyìí torí àwọn tó máa kà á lẹ́yìn wa. Àìmọye èèyàn ló ń gbé áàpù ìránnilétí oògùn sórí fóònù, á ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, á wá dákẹ́, wọ́n á ní áàpù yẹn ò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà fóònù gan-an ló pa á lẹ́nu mọ́. Android máa ń ti áàpù tẹ́ ẹ kì í sábà ṣí mọ́lé kó lè ṣọ́ bátìrì, tó bá sì ti tì í mọ́lé ohùn ẹ̀ ò lè jáde mọ́. Ẹ wọ sẹ́tíìnsì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ battery sí, ẹ yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù lè fi sùn. Èkejì ni Do Not Disturb, ohun téèyàn ń tẹ̀ kí fóònù má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Aláàmù inú aago fóònù sábà máa ń kọjá lára ẹ̀, àmọ́ ti áàpù lè má kọjá àfi tẹ́ ẹ bá fún un láyè. Ẹni tó bá sì rìnrìn àjò lọ síbi tí aago wọn yàtọ̀, kó mọ̀ pé aago ibi tó dé ni aláàmù máa tẹ̀ lé, aago méje ibẹ̀ lè fi wákàtí márùn-ún mẹ́fà yàtọ̀ sí ìgbà tó ti mọ́ ọn lára láti máa lò ó, kó bi famasísì ẹ̀ léèrè kó tó gbéra.

Ní ti màmá, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó pariwo sí i. Àtàǹpàkò tó ti mọ̀nà á tún mọ̀nà. Ẹ wá áàpù tó ń béèrè ọ̀rọ̀, tó máa ní kí wọ́n yan "mo ti lò ó" tàbí "mo fò ó", àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé tí ẹni náà ò bá tẹ nǹkan kan títí àkókò kan, áàpù á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíì, ìyẹn ẹ̀yin.

Apoògùn_Ìrọ̀lẹ́ kọ:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ famasísì ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé áàpù kankan, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Oògùn omi nìkan lẹ sọ pé ẹ kà. Amlodipine ńkọ́?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ẹni tó bá gbàgbé, méjèèjì ló máa gbàgbé, torí ojú kan náà ni oògùn méjèèjì wà, aago kan náà ni wọ́n ń lò ó. Tí iye tó kù ò bá wá bára mu, a jẹ́ pé wọn ò gbàgbé nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n ń yàn án. Ọ̀tọ̀ nìtọ́jú ẹni tó ń gbàgbé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó nídìí tí kò fi lò ó. Aláàmù ò lè yí ìdí padà.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé màmá yín nìkan ni. Lọ́dún 2003, àjọ ìlera àgbáyé WHO gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọ́n ní láwọn orílẹ̀-èdè tó ti lówó lọ́wọ́ pàápàá, nínú àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, nǹkan bí ìdajì péré ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Ìdajì o. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún le jù torí kì í dun èèyàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á wá oògùn ẹ̀ kiri, ẹni tí bípì ẹ̀ ga lè má mọ nǹkan kan lára títí ọ̀ràn á fi bẹ́.

ÀgbàÒṣìṣẹ́ kọ:

Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn fóònù, àmọ́ mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí ọdún 16 báyìí, mi ò ní aláàmù kankan. Ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi ni mo gbé e sí. Tí mo bá ti fọ eyín tán ọwọ́ mi á kan án, ọjọ́ tí mi ò bá fọ eyín ni mi ò ní lò ó, kò sì sí ọjọ́ yẹn. Ohun téèyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó so oògùn mọ́, kì í ṣe ohun tó ń pariwo.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an ti gbé e yẹ̀ wò, ó jáde lọ́dún 2017. Àwọn tí wọ́n lò lé ní 53,000, gbogbo wọn ni kì í lo oògùn wọn déédéé. Wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sílé wọn: àwọn kan gba àpótí oògùn tó ní ojúlé ọjọ́ méje, àwọn kan gba ìdérí ìgò tó ní aago tó ń ka wákàtí látìgbà tí wọ́n ti ṣí i kẹ́yìn, àwọn kan gba ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò tí wọ́n á máa tì síwájú lójoojúmọ́, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, kò sí èyí tó mú káwọn tó gbà á lo oògùn ju àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ. Ṣé ẹ rí i? Kí ni ẹ wá ń kó owó lé ẹ̀rọ lórí sí.

Apoògùn_Ìrọ̀lẹ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ, mo mọ iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé nǹkan náà kàn dé ilé wọn ni. Wọn ò fi ẹnì kankan tì í tó máa bi wọ́n léèrè ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ti búrọ́ọ̀ṣì yín dáa gan-an, mo máa ń sọ ọ́ fáwọn tó ń wá bá mi, àmọ́ oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tiyín rọrùn. Ẹni tó ń lo levothyroxine, oògùn ẹni tí tairọ́ìdì ọrùn ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tó, ńkọ́, tó gbọ́dọ̀ lò ó nígbà tí inú ẹ̀ ṣófo, kó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó jẹun, tó bá tún wá ń lo calcium tàbí oògùn iron, wákàtí mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ fi sáàárín wọn kí èkejì má bàa dí levothyroxine lọ́wọ́ láti wọ ara. Mo ti rí ẹni tó ṣe aláàmù kan ṣoṣo, tó kọ "OÒGÙN" sí i, tó ń da gbogbo ẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Aláàmù ẹ̀ ń dún, kì í gbàgbé, oògùn ò sì ṣiṣẹ́ fún un bó ṣe yẹ.

Èyí tó burú jù lọ ni methotrexate táwọn tí oríkèé ń dùn ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ "ojoojúmọ́" nígbà tó ń ṣe aláàmù, tó sì ń tẹ̀ lé e, oògùn yẹn lè pa á. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń bá ẹnikẹ́ni ṣe é, ẹ gbé àkọlé ara páálí sójú kẹ́ ẹ máa wò ó bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi orí ṣe é.

ỌmọMàmá kọ:

Apoògùn, ara mi ṣì ń gbọ̀n. Mo ya fọ́tò tábìlì yẹn lọ́jọ́ tí mo lọ torí mo fẹ́ fi han àbúrò mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i wò ni. Oògùn omi: káàdì kan odindi, èkejì ti dé ìdajì, 15 bí mo ṣe wí. Amlodipine: káàdì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, odindi, kò sí ojú kan tó tú lára ẹ̀. 10 nìyẹn. Ó yẹ kó ku 9. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fò nínú amlodipine, ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú oògùn omi.

Wọn ò gbàgbé. Gbogbo àárọ̀ tí aláàmù yẹn ń dún ni wọ́n mọ ohun tó ń wí.

Ọjọ́KanLẹ́ẹ̀kan kọ:

Mo máa ń kàwé níbí láìsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi dá sí i. Èmi ń gbé pẹ̀lú HIV, mo ti ń lo oògùn ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, kòkòrò náà ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ látìgbà tó ti pẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdí kan tí èèyàn fi lè máa pa aláàmù tí kì í ṣe ìgbàgbé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé áàpù kan tó dáa gan-an, ó ń dún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì ń kọ orúkọ oògùn náà gàdàgbà sójú fóònù kódà tí mo bá ti tì í. Ọjọ́ kan a pẹ́ níbi iṣẹ́, mo yá ẹnì kan ní fóònù mi kó fi tàn mọ́ ibi kan, aago mẹ́sàn-án lù nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ojú fóònù, ó wo ojú mi, ó dá a padà, kò sọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tí oògùn yẹn wà fún. Mo yọ áàpù náà lóru ọjọ́ yẹn, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń lo oògùn bó ṣe wù mí, nítorí ìtìjú.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rọrùn. Aláàmù inú aago lásán ni mo ń lò, ohun tí mo kọ sí i ni "pe Dàda". Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Dàda. Mo sì wọ sẹ́tíìnsì, mo ní kí ọ̀rọ̀ kankan má ṣe hàn lójú fóònù tí mo bá tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ẹlòmíì ṣe ìránnilétí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ kó wà lójú fóònù òun.

Nọ́ọ̀sìAláago kọ:

Ọjọ́KanLẹ́ẹ̀kan, ẹ kú ọkàn ọkùnrin, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ló rán mi létí iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, tí èmi máa ń sọ fáwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ títí ó fi ń sú wọn. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, lọ́dún 2010. Àwọn 538 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Àwọn kan ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn kejì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè Swahili: "Mambo?" Bí ìgbà tá a bá ní "Báwo ni?" ni. Kò sí orúkọ oògùn níbẹ̀, kò sí orúkọ àìsàn. Ẹni tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa fún á dáhùn pé "Sawa", ẹni tó bá níṣòro á ní "Shida", wákàtí 48 ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹni tó bá ní shida, àtẹni tí kò bá fèsì, wọ́n á fóònù ẹ̀ láti ọsibítù.

Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tó ní àwọn ń lo oògùn àwọn dáadáa jẹ́ 62 nínú 100 láàárín àwọn tó ń gba mambo, àwọn yòókù jẹ́ 50. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn náà ó hàn, kòkòrò lọ sílẹ̀ lára 57 nínú 100 àwọn tó ń gba mambo, 48 lára àwọn yòókù. Fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe é.

Iṣẹ́ míì tún jáde lọ́dún 2011, Kẹ́ńyà náà ni, àwọn wọ̀nyí fi ìdérí ìgò tó ń kọ ìgbà tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ ṣọ́ àwọn èèyàn. Àwọn kan ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lójoojúmọ́, àwọn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí mo rò pé ó máa ya gbogbo wa lẹ́nu ni pé ti ọ̀sẹ̀ ló ṣiṣẹ́: 53 nínú 100 wọn lo ó kéré tán 90 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn wọn, àwọn tí kò gba nǹkan kan jẹ́ 40. Ti ojoojúmọ́ ò ṣèrànwọ́ kankan. Lójú tèmi, ohun tó bá ń dún sí èèyàn létí lójoojúmọ́, etí á di sí i, bí àtàǹpàkò màmá yẹn. Ìbéèrè tí èèyàn ń retí ìdáhùn sí, tó jẹ́ pé tó ò bá dáhùn ẹnì kan á pè ọ́, ìyẹn ò ṣeé fi àtàǹpàkò pa.

ỌmọMàmá, ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ti lò ó" mọ́. Ìdáhùn kan ló wà fún ìyẹn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n.

ÌyáMẹ́ta kọ:

Ẹ jẹ́ n bá yín sọ tèmi náà. Ọmọ mi àárín ní wárápá, ọdún 11 ni, levetiracetam ló ń lò, aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́. Èmi àti bàbá ẹ̀, a ṣe aláàmù sórí fóònù àwa méjèèjì, a rò pé ìyẹn ló dáa jù, tọ́kan bá kùnà èkejì ò ní kùnà. Alẹ́ ọjọ́ kan fóònù méjèèjì dún pa pọ̀, mo wà ní yàrá, mo fún un, mo padà síbi tí mo wà. Bàbá ẹ̀ wọlé láti ìta, òun náà gbọ́ ti ẹ̀, ó fún un. Ọmọ gbà á torí bàbá ẹ̀ ló fún un. Oorun gbé e lọ́nà tí mi ò rí rí, gbogbo òru la fi ń wo bó ṣe ń mí. Lọ́sẹ̀ kejì, aláàmù dún, oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti fún un. Gìrì dé sí ọmọ yẹn níléèwé.

Aláàmù kan ṣoṣo la ní báyìí, fóònù tèmi ló wà. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, bíró so mọ́ ọn, ẹni tó bá fún un gbọ́dọ̀ fàlà síbẹ̀ kó tó pa kọ́bọ́ọ̀dù dé. Tí mi ò bá sí nílé, ẹni tó bá fún un á ya ìwé yẹn ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Fóònù ń ránni létí, àmọ́ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó dún. Ìwé tó wà lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù ló mọ̀.

Àlejò_Tuntun kọ:

Ẹ forí jì mí, ìbéèrè ni: tí mo bá gbàgbé ti àárọ̀, ṣé kí n lo méjì lálẹ́ kó lè pé?

Apoògùn_Ìrọ̀lẹ́ kọ:

Rárá o, ẹ má lo méjì pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ oògùn, tẹ́ ẹ bá tètè rántí kẹ́ ẹ lò ó, tó bá ti sún mọ́ ìgbà èyí tó kàn kẹ́ ẹ fi èyí tẹ́ ẹ fò sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn ló rí bẹ́ẹ̀, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní òfin tiẹ̀, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní tiẹ̀, ẹ ka bébà inú páálí tàbí kẹ́ ẹ pe ẹni tó fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ má ṣe dédé dá oògùn wárápá dúró, tàbí propranolol àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ara máa ń gbẹ̀san.

ỌmọMàmá, ẹ bá màmá jókòó. Oògùn omi yẹn, láàárín wákàtí méjì téèyàn bá lò ó ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn tọ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ló máa ń le jù, ó sì lè wà lára fún wákàtí 6 sí 12. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ wá wo ọjọ́ tí wọ́n ń fò.

ÀṣẹpéOṣùMẹ́fà kọ:

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ikọ́ ife, TB, lèmi ń tọ́jú lọ́wọ́, oṣù mẹ́fà gbáko, oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì àkọ́kọ́, méjì fún oṣù mẹ́rin tó kẹ́yìn. Oṣù kẹta ni mo wà, ikọ́ ti lọ, mo ti sanra, ojoojúmọ́ ni nǹkan kan ń sọ fún mi pé ó ti tán. Fídíò ni mò ń ṣe, mo máa ń gbé fóònù síwájú, mo máa gbé oògùn mì níwájú ẹ̀, mo máa fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì mi. Ọjọ́ tí mo bá pẹ́, á kọ̀wé pé "ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì rí yín o". Tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń lò ó títí dòní.

Nọ́ọ̀sìAláago kọ:

Ẹ má dúró o ẹ̀gbọ́n mi, oṣù kẹta gan-an lọ̀pọ̀ ti ń fi í sílẹ̀, kòkòrò tó bá ṣẹ́kù wá ń kọ oògùn. Ní Íńdíà wọ́n ní irú ẹ̀ kan fáwọn tí kò ní fóònù olójú ńlá, 99DOTS ni wọ́n ń pè é: nọ́ńbà fóònù kan fara pa mọ́ sẹ́yìn oògùn, èèyàn ò lè rí i àfi tó bá tú oògùn ọjọ́ yẹn, á fi fóònù ẹ̀ pe nọ́ńbà náà lọ́fẹ̀ẹ́, ọsibítù á mọ̀ pé ó ti tú u.

ỌmọMàmá kọ:

Ẹ̀yin ará, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn, ẹ má bínú. Mo ní kí n má tíì sọ nǹkan kan títí màá fi rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mo padà lọ. Mo fi kàlẹ́ńdà síwájú ara mi kí n tó bá wọn sọ̀rọ̀, mo wò ó pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣí páálí yẹn, láàárín ọjọ́ 21 yẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta. Mẹ́fà géérégé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń sin ọ̀rẹ́ wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ fún un ní ọsibítù, ìrìn ọkọ̀ tó tó wákàtí méjì lálọ. Mi ò sọ fún wọn pé mo ka oògùn. Mo kàn ní "Màmá, oògùn omi yìí, kí ni ò tẹ́ yín lọ́rùn nínú ẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní "Ṣé o mọ bójú ṣe ń ti àgbàlagbà tó bá ní kí dẹ́rẹ́bà dúró lẹ́ẹ̀kejì?"

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo aláàmù tí mo ti ń fi há wọn láyà yìí, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń ro dẹ́rẹ́bà.

A jọ lọ bá dókítà. Mo dúpẹ́ pé a lọ, torí dókítà ti fẹ́ fi oògùn kẹta kún un, ó rò pé méjèèjì ò ká bípì wọn mọ́, kò mọ̀ pé èyí kan kì í dé inú wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lo amlodipine láàárọ̀ bó ṣe wà, ọjọ́ tí wọ́n bá máa jáde kí wọ́n lo oògùn omi tí wọ́n bá ti délé, kó má ṣáà kọjá aago méjì ọ̀sán kó má bàa máa jí wọn lóru. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Mo pa aláàmù àtijọ́ yẹn rẹ́. Àárọ̀ ti di ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ẹ̀gbọ́n ÀgbàÒṣìṣẹ́, ẹ ṣeun. Aláàmù kan ló kù, aago kan ọ̀sán, Ìṣẹ́gun àti Ẹtì nìkan, TẹkiDé ló kọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ bí mo ṣe lè fi ohùn ọmọ mi sí i dípò orin tó wà nínú ẹ̀, ó ń sọ pé "Màmá Àgbà, ẹ káàbọ̀, ẹ gbé omi." Orúkọ oògùn ò sí níbẹ̀, mo bi wọ́n, wọn ò fẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, "Báwo ni?", wọ́n á fi ohùn dá mi lóhùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n ní "Dáadáa ni." Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ní "Wàhálà díẹ̀ wà, kókósẹ̀ mi ń wú." Mo pe dókítà lọ́jọ́ kejì.

Apoògùn_Ìrọ̀lẹ́ kọ:

Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ pè é, amlodipine máa ń mú kókósẹ̀ wú lára àwọn kan, ohun tó yẹ kí dókítà mọ̀ ni. Tẹ́lẹ̀ wọn ì bá kàn dá òun náà dúró láìsọ fún yín. Ẹ fi aláàmù kan sórí fóònù tiyín báyìí, kì í ṣe tiwọn, fún ọjọ́ tí oògùn bá ku bíi méje, kẹ́ ẹ tètè gba òmíràn kó tó tán. Ṣé ẹ ti ka ti páálí tuntun?

ỌmọMàmá kọ:

Àwọn fúnra wọn ló kà á, wọ́n ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ lówurọ̀ yìí kí n tó béèrè. Ọjọ́ 21 pé lánàá. Amlodipine ku 9. Oògùn omi ku 9.